Ṣé FIA lè fọwọ́ sí pápá ìje tí mo yà sínú géèmù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo wà. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń ya pápá ìje kan nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán, mo fẹ́ kó wọ inú géèmù ìje ọkọ̀ Assetto Corsa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 8.1, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 9. Ojú ọ̀nà gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 3, kọ́nà kan wà tí mo dà ní ìgẹ̀rẹ́ dígírì 20, ihò abẹ́ òkè kan sì wà tí mo wò lára Trial Mountain, pápá kan nínú géèmù Gran Turismo. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Manchester rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹ̀kẹ́ ológeere sáré níbẹ̀, ká má tíì sọ mọ́tò. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ni kí n tún ṣe? Àbí kò tiẹ̀ pọn dandan, nígbà tó jẹ́ pé géèmù ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Mo wo gbogbo àwòrán tó o fi ránṣẹ́, mo sì wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Títì náà dára. Ihò abẹ́ òkè yẹn dára débi pé ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun bi ẹ́ ìgbà tó máa jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títì ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Ọkùnrin kékeré aláṣọ ọsàn tó o gbé dúró sí ẹ̀gbẹ́ kọ́nà kẹrin ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀, nítorí èmi gan-an ni ọkùnrin yẹn. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ láwọn pápá ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: mò ń ju àsíá, mò ń gbá òkúta kúrò lójú títì, mo sì ń gbé ohun ìpaná sáré tọ ọkọ̀ tó forí sọ ògiri. Marshal ni wọ́n ń pè wá, ọ̀fẹ́ la sì ń ṣe é. Búrẹ́dì ọ̀sán àti òjò ni owó oṣù wa.

Ọ̀rẹ́ rẹ jàre, ó sì tún jẹ̀bi. Ó jàre ní ti pé bí pápá náà ṣe wà yìí, kò lè gba Grade 1, èyí tí Formula 1 ń béèrè. Ó jẹ̀bi ní ti pé ìbéèrè FIA kì í ṣe "ṣé pápá yìí dára?" Irú ọkọ̀ tó fẹ́ sáré níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Nínú Appendix O, tó wà lára ìwé òfin wọn fún eré ìje àgbáyé, Grade 1 wà fún ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ kò tó kílò kan sí agbára ẹṣin kan. Grade 2 jẹ́ ti kílò kan sí méjì, Grade 3 ti méjì sí mẹ́ta, Grade 4 sì ni ti èyí tó bá ju mẹ́ta lọ. Corolla tó wúwo tó kílò 1,200, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 130, Grade 4 ni ilé rẹ̀, kò sì ní jà fún àyè. Ọkọ̀ GT3 (ọkọ̀ eléré tí wọ́n sọ di ti ìje) tó o fi sáré nínú fídíò yẹn wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,300, agbára rẹ̀ wà láàárín ẹṣin 500 sí 600. Ìyẹn bọ́ sí Grade 3. Nítorí náà, Grade 3 ni ká fi wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Formula 1 wá síbẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi bá FIA sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀nà gbọọrọ rẹ ló kọ́kọ́ kan ìjàngbọ̀n. Kìlómítà 2 ni ìwé òfin mọ, ìwọ fún un ní 3. Le Mans, pápá ìje wákàtí 24 ní ilẹ̀ Faransé, ni baba ọ̀rọ̀ yìí. Ojú ọ̀nà Hunaudières tó wà níbẹ̀ gùn tó kìlómítà 6, kò sì sí ohun tó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà kan rí. Lọ́dún 1988, WM Peugeot tí Roger Dorchy wà sá 405 km/h níbẹ̀. Kó tó di ìje ọdún 1990, wọ́n ti fi chicane méjì, ìyẹn kọ́nà wíwọ́ tó ń mú kí ọkọ̀ dẹ eré, gé e sí mẹ́ta nítorí òfin kìlómítà 2 yìí. Bó o bá ní Gran Turismo 7, wàá rí Le Mans méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan ní chicane, ọ̀kan kò ní. Fi ọkọ̀ kan náà sá méjèèjì, kó o sì fetí sí ẹ́ńjìnnì. Inú géèmù nìkan ló kù tí èèyàn ti lè fi ọkọ̀ ìje sá ojú ọ̀nà yẹn já láìtẹ bíréèkì. Má gbàgbé èyí, màá padà sí i tá a bá dé ibi tó o ti béèrè bóyá ó pọn dandan.

Mítà 9 kéré. Mítà 12 ni wọ́n ń fẹ́ fún pápá tuntun, mítà 15 níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń tò láti bẹ̀rẹ̀. Láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé kọ́nà àkọ́kọ́, ó kéré tán mítà 250. Mo fi rúlà wọn tìrẹ lórí máàpù, kò pé 120. O ti bá àwọn àjèjì sáré lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, o sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́: ariwo, èéfín, kí gbogbo ayé máa sọ lọ sínú koríko. Ìṣirò ló ń fà á. Bí ọkọ̀ 20 bá tò, tí mítà 8 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹni tó gbẹ̀yìn fi mítà 152 jìnnà sí ẹni iwájú. Ní pápá tìrẹ, ẹni iwájú á ti máa tẹ bíréèkì nígbà tí ẹni ẹ̀yìn kò tíì kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀, tó ṣì ń kó eré bọ̀ kíkankíkan. Sún ìlà náà sẹ́yìn. Ilẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹ, owó ẹnikẹ́ni ò sì ní í jáde.

Ìgẹ̀rẹ́ dígírì 20 ńkọ́? Ìwé òfin ní kí ó má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn dígírì 5.7. Ṣùgbọ́n wo Zandvoort, létí òkun ní Netherlands. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, dígírì 19 ni wọ́n da kọ́nà Hugenholtz sí, wọ́n da kọ́nà tó kẹ́yìn sí dígírì 18, Formula 1 sì padà síbẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, tó sì fi hàn wọ́n, wọ́n lè gbọ́ tirẹ̀. Èmi ò ní í ní kó o fọwọ́ kan kọ́nà yẹn. Òun ló wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ rúlà ni gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó fún ẹ láti tún un ṣe. Ohun tó máa jẹ ẹ́ lóorun wà níta títì.

Ẹni tó ń ya pápá géèmù, títì ló ń yà. Igi, òkè, ilé àti èrò, ọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ya pápá gidi, ibi tí ọkọ̀ máa gbà lọ bó bá kúrò lórí títì ló ń yà, títì fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tó rọrùn níbẹ̀. Run-off là ń pe àyè yẹn. Mú kọ́nà kẹrin rẹ yìí, ní ìparí ojú ọ̀nà gbọọrọ. Ká ní awakọ̀ kan pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, tí eré rẹ̀ ṣì jẹ́ 200 km/h nígbà tó kúrò lójú títì. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa, ó ṣì nílò nǹkan bíi mítà 155 kó tó lè dúró. Bó bá jẹ́ 300 km/h, ó di mítà 350. Kí lo fún un? Mítà 12 koríko, lẹ́yìn náà òkúta ràgàjì kan tó jọ Olúmọ. Mo mọ ìdí tó o fi gbé e síbẹ̀, ó rẹwà nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n koríko tútù àti ọṣẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n lábẹ́ táyà, Olúmọ kì í sì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń ya pápá ti máa ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní, "ó dáa, màá sún ògiri sẹ́yìn." Kò tán síbẹ̀. Igun tí ọkọ̀ fi bá ògiri pàdé lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tó ń sá 200 km/h, tó fi ẹ̀gbẹ́ ra ògiri ní igun dígírì 15, eré tó ń tì í wọ ògiri náà gan-an kò ju 52 km/h lọ. Ìyókù á máa gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò máa họ ọ́, yóò máa ta iná, títí yóò fi rọ̀. Bó bá jẹ́ igun dígírì 60 ló fi kàn án, 52 yẹn di 173. Agbára tó wà nínú èkejì jẹ́ ìlọ́po mọ́kànlá ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ kan náà, eré kan náà, ògiri kan náà. Ohun tó jẹ́ kí Monaco ṣì máa rí ojú rere nìyẹn. Kìlómítà 3.337 ni gígùn rẹ̀, kò tiẹ̀ tó 3.5 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ pápá tuntun tó fẹ́ gba Formula 1, irin ààbò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu ko táyà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n irin yẹn ń bá títì rìn bí okùn àti abẹ́rẹ́. Ọkọ̀ á ra á, á ya apá táyà kan, awakọ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Wá wo Bahrain, tí àyè gbalasa wà káàkiri ibẹ̀. Ní 29 November 2020, ọkọ̀ Romain Grosjean yà kúrò lójú títì ní ìpele àkọ́kọ́ ìje, ó sì lọ bá irin ààbò kan tó yọ ní igun tó kọjú sí i. Ó kàn án ní 192 km/h, ìkọlù náà tó 67 g, ìyẹn ìlọ́po 67 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan. Ọkọ̀ náà já sí méjì, iwájú rẹ̀ wọ àárín irin, iná sì sọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 28 ló lò nínú iná kó tó jáde. Halo, irin tó yí orí awakọ̀ ká, tó ti di dandan nínú Formula 1 láti 2018, ló ya irin ààbò yẹn kúrò níwájú akoto rẹ̀. Gbogbo àyè tó wà níbẹ̀ kò dá a nídè, nítorí pé igun irin kan ṣoṣo ti wọ́.

Kí ọkọ̀ kan ògiri, kó sì dúró síbẹ̀, ìyẹn sàn. Kó kàn án, kó sì ta padà sójú títì ló burú jù. Ohun tó pa awakọ̀ Anthoine Hubert ní pápá Spa ní Belgium nìyẹn, ní 31 August 2019: ó kúrò ní títì lórí Raidillon, ọkọ̀ rẹ̀ kan ààbò, ó ta padà, ọkọ̀ mìíràn tó ń gun òkè bọ̀ wá kọlu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí òkè ni, ẹni tó ń bọ̀ kì í rí ohun tó wà níwájú. Kó tó di ìje ọdún 2022, wọ́n ti fẹ àyè ibẹ̀, wọ́n ti sún ààbò sẹ́yìn, wọ́n sì ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Kọ́nà kẹfà rẹ gun òkè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ògiri wà lápá òsì rẹ̀ tó kọjú sí títì bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbáni létí. Bí mo bá ní kó o tún nǹkan kan ṣoṣo ṣe, òun ni. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nínú run-off rẹ, kí lo máa dà sí i? Àwọn pápá tuntun fẹ́ràn ọ̀dà, nítorí pé ẹni tó ṣìnà á ṣì rí ibi tẹ bíréèkì, á sì rí ibi yí sítíárìn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ìyà fún ẹni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ kọjá ìlà. Ní Austria lọ́dún 2023, ó lé ní ìgbà 1,200 tí àwọn tó ń darí ìje Formula 1 ní láti yẹ̀ wò bóyá ọkọ̀ kan ti fi gbogbo táyà kọjá ìlà funfun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìta kọ́nà 9 àti 10, ọ̀rọ̀ sì parí níbẹ̀. Ìwọ náà á ti gba ìyà ìṣẹ́jú àáyá lọ́wọ́ géèmù rí nígbà tẹ́nì kan tì ẹ́ síta. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ àwíjàre. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í ṣe ẹjọ́ rárá. Ó gba eré lọ́wọ́ ẹ, ó tán.

Appendix O tiẹ̀ sọ irú òkúta tó jẹ́: róbótó, mílímítà 5 sí 16, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹni tí kò bá tíì sáré nínú rẹ̀ rí á rò pé yanrìn lásán ni. Ọkọ̀ kékeré kan rì sínú rẹ̀ níwájú mi ní pápá kan tí mi ò ní í dárúkọ. Mo fo ògiri, mo bọ́ sínú òkúta, ẹsẹ̀ mi rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ṣe ló dà bíi pé mò ń sáré nínú àpò ìrẹsì. Kí n tó débẹ̀, awakọ̀ ti jáde, ó ti jókòó sórí ògiri, ó ń bi mí bóyá ara mi le. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ní pápá kan náà, ọkọ̀ mìíràn gba orí òkúta yẹn kan náà kọjá bíi pé ó wà lórí sìmẹ́ńtì, ó sì lọ kan táyà ààbò lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò tíì ro òkúta náà láti ọjọ́ pípẹ́, òjò ti lù ú pọ̀. Nínú géèmù, òkúta rẹ kò ní í le láé, ìyẹn sì jẹ́ àǹfààní kan tó o ní lórí wa.

Àmọ́ ọkọ̀ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ wọ òkúta lè takìtì. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi máa ń jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí èyí tó sàn nínú ọ̀dà àti òkúta. Tèmi ni pé: ọ̀dà níbi tí bíréèkì bá ti lè já tàbí tí awakọ̀ lè pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, òkúta níbi tí wọ́n ti máa ń yọ́ ìlà jẹ. Ní kọ́nà kẹrin rẹ, ọ̀dà tó gùn, lẹ́yìn náà òkúta, lẹ́yìn náà táyà tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì so pọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ní kọ́nà tó jáde sínú ìgẹ̀rẹ́ yẹn, òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó.

Jọ̀wọ́, yọ àwọn kọ́ọ̀bù gíga yẹn kúrò. Mo mọ̀ pé o gbé wọn síbẹ̀ kí àwọn olè má bàa gé kọ́nà kọjá. Àwọn pápá gidi náà ronú bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù tó yọ bíi sọ́séèjì sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ní Monza, September 2019, ọkọ̀ Formula 3 Alex Peroni gun ọ̀kan ní ìta kọ́nà Parabolica, ó fò lọ sókè, ó yí nínú afẹ́fẹ́, ó sì lọ balẹ̀ lórí táyà ààbò. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kan ṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi lé olè wá di àtẹ̀gùn tí ọkọ̀ ń gùn lọ sójú ọ̀run.

Àwọn pápá géèmù tó lókìkí ńkọ́? Trial Mountain tó o wò, ojú títì rẹ̀ rẹwà, àmọ́ àpáta ni run-off rẹ̀. Láti Gran Turismo àkọ́kọ́ lọ́dún 1997 ló ti wà. Nígbà tí wọ́n dá a padà nínú GT7 lọ́dún 2022, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti na ojú ọ̀nà gbọọrọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó dàgbà sórí ti àtijọ́ kùn gidi. Lójú tèmi, ó kàn ti gba ọ̀nà tí gbogbo pápá gidi gbà ni. Special Stage Route X, tí ojú ọ̀nà gbọọrọ méjì rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má tiẹ̀ mú un wá sílé. Rainbow Road ti Mario Kart, ojú ọ̀run ni run-off rẹ̀, àwọsánmà ni marshal.

Nordschleife lọ̀rọ̀ gidi wà. Kìlómítà 20.832 nínú igbó Eifel ní Jámánì, ó wà nínú géèmù, ó sì wà láyé. Iná jó awakọ̀ Formula 1 Niki Lauda lára níbẹ̀ ní 1 August 1976, Formula 1 ò sì padà sórí rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àmọ́ ọkọ̀ GT3 ṣì ń sá wákàtí 24 níbẹ̀ lọ́dọọdún. Jann Mardenborough, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti orí Gran Turismo gba iṣẹ́ awakọ̀ nípasẹ̀ ìdíje GT Academy lọ́dún 2011, wà lórí rẹ̀ ní 28 March 2015 nígbà tí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ Nissan rẹ̀ ní gegele tí wọ́n ń pè ní Flugplatz. Ọkọ̀ náà gbéra, ó fo ọgbà kọjá. Òun yè é. Ẹnì kan lára àwọn òǹwòran kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òfin dín eré kù lápá ibi kan lórí pápá náà, kó tó di pé wọ́n tún gegele náà ṣe, tí wọ́n sì fi ọgbà kún ọgbà. Nínú géèmù, èmi náà ti fò ní Flugplatz kọjá iye tí mo lè kà. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn gbé wa dé ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, bóyá ó pọn dandan. Rárá, kò pọn dandan. Géèmù ni ilé ìṣura àwọn pápá tí ayé kò lè fàyè gbà mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi chicane sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan lè gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú. Lọ́dún 2021, iRacing, géèmù ìje orí kọ̀ǹpútà, ya pápá kan sójú títì ìlú Chicago, kọ́nà méjìlá, fún ìdíje orí kọ̀ǹpútà lásán. Ní July 2023, NASCAR, ìdíje ìje ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sáré lójú títì yẹn gan-an, pẹ̀lú ògiri kọnkéré àti èrò. Nítorí náà, ṣe bí Gran Turismo ṣe ṣe Le Mans: fi pápá rẹ jáde ní oríṣi méjì. Ọ̀kan bó ṣe wà, pẹ̀lú kìlómítà 3 àti Olúmọ rẹ. Èkejì, tí ọkọ̀ GT3 lè sá láyé. Àwọn tó bá sá méjèèjì ló máa sọ èyí tó dùn jù fún ẹ, ó sì ṣeé ṣe kó yà ẹ́ lẹ́nu.

Nínú èkejì yẹn, fi àyè sílẹ̀ fún àwa èèyàn. Ibùdó marshal kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju mítà 500 lọ; kìlómítà 8.1 rẹ gba mẹ́tàdínlógún ó kéré tán, o sì fún mi ní mẹ́rin. Ya ọ̀nà tí áńbúláǹsì máa gbà láìwọ ojú títì. Fi ibi tí hẹlikópítà máa bà sí sílẹ̀: ní Nürburgring, October 2020, kùrukùru ò jẹ́ kí hẹlikópítà àwọn dókítà fò, kò sì sí ọkọ̀ Formula 1 kankan tó sáré lọ́jọ́ Friday yẹn. Bó o bá gé ihò sí ọgbà kí marshal lè máa gba ibẹ̀ wọlé, gé e kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ní Melbourne lọ́dún 2001, táyà kan tó já gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé, ó sì pa marshal kan, Graham Beveridge.

Ọkùnrin aláṣọ ọsàn rẹ wá dà? O gbé e sí ìta kọ́nà kẹrin, níwájú ààbò, ní ibi tí gbogbo ọkọ̀ tó bá ṣìnà máa gbà, o sì jẹ́ kó kẹ̀yìn sí wọn, àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo Olúmọ. Gbé e lọ sí inú kọ́nà, lápá ibi tí ọkọ̀ kì í sábà yà sí, sẹ́yìn ògiri tó ga tó mítà kan, pẹ̀lú wáyà lórí rẹ̀. Yí i kó kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Fi ohun ìpaná kan tì í lẹ́sẹ̀. Bó o bá sì ráyè, fún un ní ẹ̀wù òjò.